Bẹ́ríǹgì wo ló yẹ spindle ẹ̀rọ mílíìnì kékeré: 30207 ọjà, P5, àbí angular contact?

Alágbẹ̀dẹ Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ̀rọ mílíìnì kékeré kan ni mo ń tún ṣe, irú èyí tí orí rẹ̀ jókòó sórí òpó roboto, tí ihò spindle rẹ̀ (irin tó ń yí irinṣẹ́) jẹ́ R8 (irú ihò oníkóónù tí kólẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń di irinṣẹ́ mú, ń wọ̀). Mo ti yọ quill (páìpù irin tí spindle wà nínú rẹ̀), mo sì ti tú u palẹ̀. Bẹ́ríǹgì táípà róólà (èyí tí róólà rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀) ló wà nínú rẹ̀: 30207 nísàlẹ̀, 30206 lókè. Ojú irin ti ń bó ní ibi méjì lára òrùka ìta ti ìsàlẹ̀.

Kí n tó tú u, díà géèjì (aago tó ń wọn ìyàtọ̀ kékeré) tí mo fi kan inú ihò R8 ń lọ 0.04 mm ní yíyí kan. Bí mo bá gbé spindle sókè tí mo tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó ń mì tó 0.05 mm. Nọ́ọ̀tì tó dè é jẹ́ M30×1.5. Eré rẹ̀ tó ga jù lórí púlì jẹ́ 2,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Irin àti alumíníọ̀mù ló ń gé, pẹ̀lú end mill (irinṣẹ́ ìgé) 10 mm àti 12 mm.

30207 lásán wà ní ṣọ́ọ̀bù bẹ́ríǹgì káàkiri, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti máa bá mi mú P5 (èyí tí wọ́n ṣe kó péye ju ti lásán lọ) wá, owó rẹ̀ sì ga. Ṣé ìyàtọ̀ rẹ̀ máa hàn lára iṣẹ́? Ẹnìkan ní kí n kúkú pa táípà tì, kí n fi 7207 àti 7206, ìyẹn bẹ́ríǹgì bọ́ọ̀lù angular contact, sí i. Ṣé ó bójú mu? Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí nọ́ọ̀tì ti tó? Gírísì wo ni, èló ló sì yẹ kí n fi sí i?

Ọmọ Ògún:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ má tíì ra ohunkóhun. 0.04 mm tí ẹ rí yẹn, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń wá. Ó lè jẹ́ bẹ́ríǹgì. Ó lè jẹ́ spindle fúnra rẹ̀ ló tẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ihò R8 ló ti jẹ, nítorí kólẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ríǹgì tuntun kò ní tún spindle tó tẹ̀ ṣe.

Ẹ gbé spindle tí ẹ ti bọ́ bẹ́ríǹgì rẹ̀ lé V-block méjì (irin tó ní kòtò bíi lẹ́tà V), kí V-block kọ̀ọ̀kan wà gan-an lábẹ́ ìjókòó bẹ́ríǹgì, ọ̀kan lábẹ́ 35 mm, ọ̀kan lábẹ́ 30 mm (ẹ fi bébà irin tẹ́ ìsàlẹ̀ èyí tó kéré kí méjèèjì lè dọ́gba). Ẹ fi bọ́ọ̀lù irin kan dí ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà máa rìn síwá sẹ́yìn. Ẹ wá fi díà géèjì tó ń ka 0.002 mm kan inú R8, kí ẹ fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́. Bó bá wà láàárín 0.005 sí 0.01 mm, spindle yín dára, bẹ́ríǹgì la ó bá wí. Bó bá ṣì jẹ́ 0.03 mm, owó P5 á ṣòfò. Tọ́nà tó ní gíráìndà ni kí ẹ wá, kó bá yín lọ ihò náà lórí ìjókòó bẹ́ríǹgì.

Ẹ fi maikirómítà wọn àwọn ìjókòó náà pẹ̀lú. Ti ìsàlẹ̀ yẹ kó wà láàárín 35.002 sí 35.013 mm, kí òrùka inú lè fún mọ́ ọn. Ti òkè yàtọ̀: òrùka inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rìn nígbà tí nọ́ọ̀tì bá ń tì í, nítorí náà 29.996 sí 30.004 mm ló dáa. Bí ti òkè bá fún jù, nọ́ọ̀tì á máa bá ìfún yẹn jà, ẹ ò sì ní mọ èyí tó dé ọ̀dọ̀ róólà gan-an.

Nípa P5. Lára bẹ́ríǹgì táípà lásán tó jẹ́ 35 mm, ìlànà ISO gba òrùka inú láyè kó yí kúrò ní àárín tó 0.020 mm. Ti P5 kò gbọ́dọ̀ ju 0.006 lọ, ti P4, tó tún péye jù ú lọ, kò gbọ́dọ̀ ju 0.004. Ẹ ṣọ́ra fún P6X, nítorí ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń fi pè é ní bẹ́ríǹgì àtàtà. Gíga rẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ líle mú, yíyí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ rántí pé 0.020 yẹn jẹ́ òpin. Bẹ́ríǹgì gidi láti ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Bí owó bá wà fún ẹyọ kan péré, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi P5 sí. Ẹ jẹ́ ká ní bẹ́ríǹgì méjèèjì fi 100 mm jìnnà síra, tí ẹnu end mill sì fi 50 mm wà nísàlẹ̀ bẹ́ríǹgì ìsàlẹ̀. Àṣìṣe bẹ́ríǹgì ìsàlẹ̀ á dé ẹnu irinṣẹ́ ní ìlọ́po 1.5, ti òkè á dé ibẹ̀ ní ìdajì. 30206 lásán tó jẹ́ ojúlówó tó lókè.

Ọ̀gá Díà:

Mo fara mọ́ ohun tí Ọmọ Ògún sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí kò ná owó P5. Ẹ ra 30207 lásán mẹ́ta, kí ẹ fi díà géèjì yan èyí tó dáa jù.

Ẹ gbé òrùka ìta lé orí irin pẹrẹsẹ, kí ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ kọjú sókè. Ẹ kán ọ́ìlì tín-ín-rín díẹ̀ sí róólà, kí ẹ gbé òrùka inú sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé irin tó tó kílò méjì lé e lórí, irin tó ní ihò láàárín kí ẹnu díà géèjì lè wọlé. Ẹ yí i tó ogún ìgbà kí róólà jókòó dáadáa sí etí òrùka. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fi géèjì kan inú ihò òrùka inú, kí ẹ yí i, kí ẹ kà á. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ìkà náà kò bá bára mu, ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀ tàbí ẹ kò tíì yí i tó.

Níbi tí géèjì bá ti ga jù, ẹ fi máákà sàmì sí ojú òrùka inú. Ẹ ṣe bákan náà lórí V-block, kí ẹ sàmì sí ibi tí R8 ti ga jù lára spindle. Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ jẹ́ kí àmì òrùka kọjú sí òdì kejì àmì spindle. Òrùka inú àti spindle jọ ń yí ni, nítorí náà àṣìṣe méjèèjì kò ní kúrò níbi tí ẹ fi wọ́n sí, wọ́n á sì máa dín ara wọn kù. Àṣìṣe 0.008 àti 0.007 lè di 0.001 sí 0.003 lẹ́nu spindle. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá tò wọ́n láìwò, wọ́n lè ro pọ̀ di 0.015.

Lórí ọ̀rọ̀ ojúlówó: ẹ má ra bẹ́ríǹgì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tàbí tókùnbọ̀, bó ti wù kó máa dán tó. Tí páálí bá ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà, app WBA Bearing Authenticator wà fún àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi tínà nu nọ́ńbà tó wà lára òrùka. Bó bá ń pa rẹ́, ẹ dá a padà.

Tọ́nà Birmingham:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti 7207 nítorí àwọn èèyàn ibí náà máa ń béèrè rẹ̀ léraléra.

Ihò rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ bá tiyín mu, 35 mm àti 72 mm. Gíga rẹ̀ ni kò bá a mu: 30207 ga ní 18.25 mm, 7207 ga ní 17 mm. 30206 jẹ́ 17.25, 7206 jẹ́ 16. Ìyẹn ni pé ẹ máa nílò òrùka alàfo 1.25 mm ní ibi méjèèjì, èyí tí wọ́n lọ lójú méjèèjì kí ó má yàtọ̀ ju 0.003 mm lọ yíká. Bí wọ́n bá gé e lórí léètì lásán tí wọ́n sì fi sí i bẹ́ẹ̀, ó máa mú òrùka bẹ́ríǹgì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́ríǹgì P4 á sì máa ṣe bí èyí tí kò níye lórí.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. 7207 tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ B, ìgun ìfarakàn 40°, tí wọ́n ṣe fún pọ́ọ̀ǹpù àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ti spindle máa ń jẹ́ C, 15°, tàbí 25°. Ẹ wo 7207 BECBP ti SKF bí àpẹẹrẹ: B jẹ́ 40°, P tó gbẹ̀yìn jẹ́ kéèjì (ohun tó ya bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ síra) oníke, CB sì ń sọ pé bí ẹ bá fi méjì kọjú síra, àlàfo díẹ̀ máa kù láàárín wọn. GA ni wọ́n ń kọ sí èyí tó ní preload (ìfún lẹ́yìn tí àlàfo bá ti tán) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ti NSK, 7207CTYNDULP4: C jẹ́ 15°, TYN jẹ́ kéèjì oníke, DU ń sọ pé méjì ni tí wọ́n lè kọjú síra bó ṣe wù yín, L jẹ́ preload fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, P4 jẹ́ ìpéye rẹ̀. Spindle tí wọ́n ṣe fún bẹ́ríǹgì méjì-méjì bẹ́ẹ̀, bíi ti Bridgeport, ló ń jàǹfààní rẹ̀. Tiyín gba ẹyọ kan nísàlẹ̀, ẹyọ kan lókè. Bí ẹ bá fi C ẹyọ kan síbẹ̀, 15° kò le sí ìtì òkè tó bí 25° ti ń le nígbà tí ẹ bá ń lu ihò.

Ibi tí angular contact ti borí ni eré. Ẹ pa ihò àti fífẹ̀ pọ̀, kí ẹ mú ìdajì rẹ̀, kí ẹ fi eré sọ ọ́ di púpọ̀; iye yẹn ni wọ́n fi ń mọ bí eré ṣe ń ni bẹ́ríǹgì lára tó: (35+72) ÷ 2 jẹ́ 53.5. Ní 2,000 yíyí, 53.5 × 2,000 jẹ́ 107,000. Táípà róólà nínú gírísì á gbé ìyẹn láìlàágùn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà dé 6,000, ó di 321,000, níbẹ̀ ni róólà tó ń họ etí òrùka á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù. Ní 2,000, táípà ló yẹ yín. Róólà fi gígùn rẹ̀ kan irin, bọ́ọ̀lù fi ojú kan ṣoṣo kàn án, ìdí nìyẹn tí táípà fi ń le lábẹ́ end mill 12 mm tí kì í gbọ̀n bọ̀rọ̀.

Kọ́lá Mílíìnì:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé 6207 tó ní rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kò lè ṣe é? C3 ni mo rí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Tọ́nà Birmingham:

Kọ́lá, kò ní ṣe é nínú quill yìí. Òun náà ga ní 17 mm, ọ̀ràn òrùka alàfo ṣì wà níbẹ̀. C3 ní àlàfo inú tó ju ti lásán lọ nítorí pé mọ́tò iná máa ń gbóná. Òótọ́ ni pé bí nọ́ọ̀tì bá fún un láti ẹ̀gbẹ́, àlàfo yẹn á tán, bọ́ọ̀lù á sì gba ìgun tó dára díẹ̀ fún ìtì òkè, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lò ó nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú bẹ́ríǹgì bọ́ọ̀lù láti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní táípà lọ́wọ́ kò nídìí láti sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá Oníwẹ́dà:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti títú àti títò kún un.

Òrùka ìta tó wà ní ìsàlẹ̀ quill kì í sábà ní ibi tí èèyàn lè fi irin tì í láti ẹ̀yìn. Ẹ má fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ. Ẹ fi wẹ́dà fa ìlà tín-ín-rín kan yíká ojú inú òrùka ògbólógbòó náà. Bó bá tutù, ó máa sún kì, ọwọ́ lásán á sì fà á yọ. Ẹ fi aṣọ tútù bo inú quill kí iná má baà ta sí i, kí wáyà ilẹ̀ wẹ́dà sì wà lára quill gan-an. Bí bẹ́ríǹgì mìíràn bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́, nítorí iná tó bá gba inú róólà kọjá á sun ojú rẹ̀.

Òrùka inú ti ìsàlẹ̀, ẹ gbé e sínú ọ́ìlì gbígbóná tàbí sórí sítóòfù oníná dé 90°C, kó má kọjá 120°C. Láti 30°C dé 90°C, ihò 35 mm á fẹ̀ tó 0.024 mm, èyí tó ju ohun tí ẹ nílò lọ. Ẹ tì í dé èjìká spindle, kí ẹ sì dì í mú síbẹ̀ títí yóò fi tutù. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, bó ti ń sún kì ó máa fà kúrò lára èjìká, àlàfo yẹn ni yóò sì ba preload yín jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan máa ń gbé spindle sínú fìrísà. Nínú afẹ́fẹ́ tiwa tó kún fún ọ̀rinrin, omi á sẹ̀ sí i lára kíákíá, á sì dípẹtà lábẹ́ òrùka. Ooru lára òrùka ló dáa jù.

Òòlù kò gbọ́dọ̀ kan róólà. Òrùka tí ẹ ń tì ni agbára gbọ́dọ̀ kàn. Bí ẹ bá lu òrùka inú kí òrùka ìta lè wọlé, ojú irin á jìn níbi tí róólà wà, ẹ ó sì máa gbọ́ ariwo rẹ̀ títí ayé bẹ́ríǹgì náà.

Gírísì: lithium nọ́ńbà 2 tó mọ́, láti inú agolo tuntun, tó yín. Ẹni tó bá rí Klüber NBU 15 lè lò ó, ti spindle gan-an ni. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣejù ni iye rẹ̀. Àyè tó ṣófo nínú 30207 jẹ́ bíi 14 ml, ti 30206 bíi 10 ml. Ẹ fi kún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ péré. Ẹ ra sírínjì 5 ml ní kẹ́míìsì: 4 ml fún ìsàlẹ̀, 3 ml fún òkè, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ abẹ́ kéèjì. Bí ẹ bá kún un, róólà á máa pò ó, á gbóná, ọ́ìlì inú rẹ̀ á sì ṣàn jáde. Táípà kò ní síìlì tirẹ̀, nítorí náà ẹ pààrọ̀ síìlì ẹnu quill. Ìyẹ̀fun irin tó bá wọ ibẹ̀ á lọ bẹ́ríǹgì tuntun yín jẹ.

Ọmọ Ògún:

Ó ku nọ́ọ̀tì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Preload ni ìfún tí nọ́ọ̀tì ń fún bẹ́ríǹgì lẹ́yìn tí àlàfo inú rẹ̀ ti tán. Bí kò bá tó, ojú iṣẹ́ á máa ní ìlà gbígbọ̀n. Bó bá pọ̀ jù, spindle máa ń gbóná ju quill lọ, ooru yẹn á tún fi kún ìfún náà, bẹ́ríǹgì á jóná.

Ẹnu òrùka ìta tó fẹ̀ kọjú síta ní méjèèjì: ti ìsàlẹ̀ sísàlẹ̀, ti òkè sókè. Ẹ dè é pẹ̀lú ọwọ́ bí ẹ ti ń yí spindle, títí àlàfo á fi ku nǹkan bíi 0.03 mm. Ẹ kọ́kọ́ fi àlàfo sílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀, torí àlàfo ṣeé wọ̀n, ìfún kò ṣeé wọ̀n. Ẹ fi báìsì tó ní etí rírọ̀ di quill mú, ẹ fi díà géèjì kan ẹnu spindle, kí ẹ tì í sókè kí ẹ fà á wálẹ̀ bí ẹ ti ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ìṣirò wá rọrùn. Yíyí kan ti M30×1.5 jẹ́ 1.5 mm. Bí nọ́ọ̀tì bá fẹ̀ ní 45 mm, etí rẹ̀ yíká jẹ́ 141 mm, èyí tó fi hàn pé 1 mm ní etí nọ́ọ̀tì jẹ́ nǹkan bíi 0.01 mm nínú bẹ́ríǹgì. Ẹ lẹ bébà tín-ín-rín mọ́ etí rẹ̀, kí ẹ fi rúlà fa ìlà mìlímítà sí i. Àlàfo 0.03 mm á tán lẹ́yìn 2.8 mm. Ẹ fi ìdajì mìlímítà sí odidi kan kún un, ìyẹn preload 0.005 sí 0.01 mm. Ẹ dúró síbẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì kejì bá wà tó ń ti àkọ́kọ́ pa, ó máa tì í lọ síwájú díẹ̀ nígbà tí ẹ bá dè é, nítorí náà ẹ tún un wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwọ̀n ooru ni adájọ́ ìkẹyìn. Ẹ yí i ní 300 fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ lọ sí 600, 1,000, 1,500 àti 2,000, ogún ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ quill kí ẹ tó fi témọ́mítà infrared (èyí tó ń ka ooru láìfara kan irin) wò ó, torí irin dídán máa ń parọ́ fún un. Ooru á gòkè, á sì dúró. Bó bá ń lọ kọjá 60°C, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì padà ní ìdajì mìlímítà. Bí wákàtí kan ní 2,000 kò bá mú un gbóná rárá, ẹ tún àlàfo wò.

Alágbẹ̀dẹ Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Lórí V-block, R8 jẹ́ 0.008 mm, ìjókòó méjèèjì sì wà nínú ìwọ̀n. Mo máa yan nínú 30207 mẹ́ta. Ìṣòro kan: òrùka ìta tuntun ti ìsàlẹ̀ ń yọ̀ wọ inú quill, ihò quill jẹ́ 72.02 mm. Ṣé kí n fi Loctite dì í?

Bàbá Oníwẹ́dà:

0.02 ní fífẹ̀ jẹ́ 0.01 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Loctite 641 lè dì í, ti bẹ́ríǹgì ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi asitóònù nu ojú méjèèjì títí aṣọ funfun kò fi ní dọ̀tí mọ́. Ẹ má fi gírísì sí i kó tó gbẹ. Kí ó má baà gbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ to spindle sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ dè é fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ gbé quill dúró gbọnrangandan, kí ẹ yí spindle díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí òrùka rí àárín fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìwọ̀nba ìkán kan ni kí ẹ fi sí i, sára quill, kò gbọ́dọ̀ kan róólà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú spindle, kí ẹ fi gírísì sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò nọ́ọ̀tì.

Bó bá ju 0.05 mm lọ ni, mi ò ní gbà yín níyànjú. Ẹ bọ́ọ̀rù quill, kí ẹ fi búṣì irin sí i, kí ẹ tún un gé sí 72 mm láìtú u kúrò lórí léètì, kí ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè wà lójú ìlà kan náà.